Wọ́n ń gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ sí Manila: ṣé owó TAA tọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀?

Àdùkẹ́_Houston (oṣù kẹta, 2024)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí. Ọ́fíìsì kan wà níhìn-ín ní Houston tó ń yẹ ìwé owó ìtọ́jú wò fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera. Wọ́n ti fún gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní lẹ́tà pé iṣẹ́ parí lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́. Iṣẹ́ náà kò kú o, Manila ni wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn tí wọ́n fẹ́ dá dúró yìí náà ló tún ń kọ́ àwọn tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lórí fídíò. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀.

Ẹnì kan nínú wọn ti tẹ fọ́ọ̀mù ETA-9042 jáde, èyí tí wọ́n fi ń béèrè TAA (Trade Adjustment Assistance), ètò ìrànlọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tí òwò òkè òkun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí òṣìṣẹ́ mẹ́ta bá ti fọwọ́ sí i, ìjọba àpapọ̀ máa san owó ilé-ìwé ọdún méjì, á sì tún máa fún wọn ní owó ọ̀sẹ̀ lé e. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. Ṣé TAA kan òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, àbí ti àwọn ará fáktọ́rì nìkan ni? Bí kò bá kàn wọ́n, kí ló kù? Àwọn kan ti di ọmọ ìlú, àwọn kan ní green card, ẹni méjì wà lórí físà iṣẹ́ H-1B. Ilé-iṣẹ́ sì ti gbé ìwé severance (owó tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n dá dúró) síwájú wọn pé kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Àǹtí Àdùkẹ́, ó kàn wọ́n dáadáa. Òfin ọdún 2015 kó gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tí kì í mú ọjà jáde mọ́ ọn: àwọn tó ń dáhùn fóònù, àwọn oníṣirò, àwọn tó ń yẹ ìwé wò. Kí wọ́n tètè fi í ránṣẹ́, torí ẹni tí wọ́n bá ti dá dúró ju ọdún kan lọ kí fọ́ọ̀mù tó délé kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 40 ni ìjọba ní láti fi wádìí. Ilé-ìwé lè tó ọ̀sẹ̀ 130, owó ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TRA á sì máa wọlé lẹ́yìn tí unemployment (owó ìjọba fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀) bá tán.

Akọ̀wé_Àgbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi ọjọ́ Ẹtì wọn ṣòfò. Bí Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe kọ ọ́ ló rí nígbà tí òfin yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò ṣiṣẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2022, Department of Labor, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kò láṣẹ láti gba fọ́ọ̀mù TAA tuntun, kò sì láṣẹ láti dá èyí tó ti wà nílẹ̀ láre tàbí lẹ́bi. Ìyẹn kan fáktọ́rì, ó kan ọ́fíìsì. Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe débẹ̀, torí ìbéèrè Àǹtí Àdùkẹ́ nípa ọ́fíìsì àti fáktọ́rì, ẹjọ́ ńlá ni ó ti dá sílẹ̀ rí. Ọdún 1962 ni TAA bẹ̀rẹ̀, òfin ọdún 1974 ló sì tún un ṣe sí bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tí òfin yẹn sọ ni pé ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa mú ọjà jáde. Bí ẹ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń yẹ ìwé wò, wọ́n á ní ẹ ò mú ọjà kankan jáde, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù yín padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà náà, títí àwọn òṣìṣẹ́ tí Computer Sciences Corporation dá dúró fi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Court of International Trade ní New York. Àríyànjiyàn wọn ni pé ètò kọ̀ǹpútà jẹ́ ọjà, ìbáà wà lórí díìsìkì, ìbáà jẹ́ orí wáyà ni wọ́n fi fi í ránṣẹ́. Ní 2006, Department of Labor gbà pé ọjà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, ọjà náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, ìyẹn kò ran ẹni tó ń yẹ ìwé owó ìtọ́jú wò lọ́wọ́, torí kò sí ohun tó dá sílẹ̀ tí wọ́n lè tà.

Ọdún 2009 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣí i tí wọ́n ń tì í: ó tì ní oṣù kejì 2011, ó ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó tún tì ní ìparí 2013, ó ṣí ní oṣù kẹfà 2015. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2021 ló tún tì mọ́ àwọn ará ọ́fíìsì. Ọdún kan tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń mú ọjà jáde nìkan ló kù nínú ètò náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ wá dúró.

Ẹ̀ka kan wà tí kì í sábà yé àwọn ènìyàn. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó bá ń ṣiṣẹ́ fún fáktọ́rì, bí oníṣirò tàbí ẹni tó ń ra ohun èlò fún un, lè bá àwọn ará fáktọ́rì wọlé, kódà lọ́dún tí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì bá tì, bí wọ́n bá ti lè fi hàn pé fáktọ́rì tí ọjà òkè òkun ṣe lọ́ṣẹ́ ni iṣẹ́ wọn wà fún. Ẹni tó bá ka èsì fọ́ọ̀mù àtijọ́ tó rí "accountant" níbẹ̀ má ṣe torí ẹ̀ sọ pé gbogbo ọ́fíìsì ló wọlé.

Ìyá_Ìbejì_MD

Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Àgbà dá lójú, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n kàn pa á tì. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2015. Nígbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì dá ètò náà padà, wọ́n ní kí Department of Labor tún àwọn fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti kọ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2014 yẹ̀ wò. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ó máa dára kí ìwé wọn ti wà lọ́wọ́. Kí wọ́n kó ìwé jọ sílé báyìí, kò ná wọn ní nǹkan kan:

lẹ́tà ìdádúró tó ní déètì, lẹ́tà WARN (ìkìlọ̀ ọgọ́ta ọjọ́ tí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́), ìkéde tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé iṣẹ́ ń lọ sí Manila, orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ wọn gan-an àti àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìwé owó oṣù àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, nọ́ńbà fóònù ara wọn lẹ́nì kìíní kejì, torí ẹni mẹ́ta náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ará ẹ̀ka kan náà.

Kí wọ́n sì wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ náà ti ní nọ́ńbà TA-W tẹ́lẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n ń fún fọ́ọ̀mù TAA kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti dá ẹ̀ka kan láre, ọdún méjì ni ìdáláre yẹn fi ń bo gbogbo ẹni tí wọ́n bá tún dá dúró níbẹ̀.

Akọ̀wé_Àgbà

Ìyá Ìbejì, ti ìwé kíkó jọ, a jọ wà níbẹ̀. Ti TA-W nìkan ni mo fẹ́ tún ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti halẹ̀ ìdádúró mọ́, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2022 tàbí ṣáájú rẹ̀ ni ìdáláre àtijọ́ ṣì ń bò. Ẹni tí wọ́n fún ní lẹ́tà ní 2024 kò lè gun ẹ̀yìn TA-W ẹlòmíì wọlé. Àmọ́ bí ẹnì kan bá wà tí wọ́n ti lé ṣáájú ọjọ́ náà tí ẹ̀ka rẹ̀ sì ní ìdáláre, kó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ TAA ìpínlẹ̀ rẹ̀ lónìí kó bi wọ́n lẹ́èrè ohun tó kù fún un.

Àlàbí_Compliance

Nǹkan kan nípa ìwé tí Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n kó. Ìwé owó ìtọ́jú aláìsàn ló wà níwájú àwọn ènìyàn yìí lójoojúmọ́. Bí ẹnì kan bá ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà láti fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ sí Manila, tí orúkọ aláìsàn kan sì hàn nínú rẹ̀, òfin HIPAA, tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn, ló tẹ̀ lójú yẹn. Ilé-iṣẹ́ lè lé e lójú ẹsẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì lé fún ẹ̀ṣẹ̀ lè pàdánù owó unemployment pẹ̀lú severance. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ẹ nìkan ni kó o mú lọ sílé. Má fi ìméèlì iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìméèlì ilé.

Bàbá_Jobcenter

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí owó ṣì wà. Òfin WIOA ti ọdún 2014 ní ètò fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìṣe pé ó ṣẹ̀. "Dislocated worker" ni ẹ máa rí lórí fọ́ọ̀mù wọn. Ọ́fíìsì ni o, fáktọ́rì ni o, ọ̀kan náà ni lójú òfin yìí, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín bóyá òkè òkun ni iṣẹ́ lọ. Wọn kì í wo iye tó ń wọlé fún ìdílé láti gba ènìyàn sínú ẹ̀ka yìí, nítorí náà kí ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ má ṣe lé ara rẹ̀ sẹ́yìn.

Ohun tí wọ́n ń wò ni pé wọ́n ti dá ọ dúró tàbí wọ́n ti fún ọ ní lẹ́tà rẹ̀, pé owó unemployment tọ́ sí ọ tàbí o ti gbà á tán, àti pé kò dà bí ẹni pé wàá tún rí irú iṣẹ́ yẹn. Níbi tí gbogbo ọ́fíìsì bá ti ń kógbá sílé, ọ̀rọ̀ tún rọrùn: lẹ́tà WARN fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Ní Houston, Workforce Solutions ni kí wọ́n lọ. Ìpínlẹ̀ mìíràn, kí wọ́n béèrè American Job Center. Kí wọ́n mú lẹ́tà, káàdì ìdánimọ̀, ìwé àṣẹ iṣẹ́ àti káàdì Social Security dání. Kí wọ́n má sì dúró di ọjọ́ ìkẹyìn. Lẹ́tà nìkan ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Owó ilé-ìwé ni wọ́n ń pè ní ITA. Ibi tí ó ti ń bà jẹ́ fún àwọn ènìyàn nìyí. Ilé-ìwé náà àti kọ́ọ̀sì náà gan-an gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé àwọn tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí. Ilé-ìwé lè wà níbẹ̀ kí kọ́ọ̀sì tí o fẹ́ má sí. Ilé-ìwé ni wọ́n ń sanwó fún tààrà. Bí o bá ti fi káàdì rẹ san owó ìforúkọsílẹ̀, tí o ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kó o tó wá bá wọn, wọn ò ní dá a padà fún ọ. Ìgbìmọ̀ àdúgbò ló ń pinnu iye tí ITA lè tó, ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iye tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà ní Atlanta pète ní Houston. Ọdún owó wọn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù keje. Ẹni tó bá dé ní oṣù karùn-ún lè gbọ́ pé owó ti tán. Kó má bínú kúrò níbẹ̀, kó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ de oṣù keje.

Wọ́n máa ní kí ẹ kọ́kọ́ kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó ilé-ìwé ti ìjọba àpapọ̀, torí Pell Grant, ẹ̀bùn owó ilé-ìwé tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù yẹn gbà, ni wọ́n máa ń lò ṣáájú ITA. Owó tó wọlé lọ́dún méjì sẹ́yìn ni FAFSA máa ń wò, nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì lè sọ pé Pell kò tọ́ sí ẹ. Ẹ mú lẹ́tà ìdádúró lọ bá ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ owó ní ilé-ìwé náà, ẹ ní ẹ fẹ́ "professional judgment". Wọ́n láṣẹ láti tún ìṣirò náà ṣe bí nǹkan ṣe rí báyìí. Ẹni tí kò bá béèrè, wọn kì í fi lọ̀ ọ́.

Ohun ńlá kan tí WIOA kò ní tí TAA ní ni owó ọ̀sẹ̀. TRA kò sí níbẹ̀. Owó unemployment ni wọ́n máa fi jẹun.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, Akọ̀wé Àgbà. Èyí tí mo ní lọ́wọ́ ti pẹ́. Bó bá jẹ́ unemployment ni wọ́n máa fi jẹun, kí wọ́n yáa lọ kọ ọ́ lónìí tí lẹ́tà ti dé. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó bá gba severance ní Texas kò ní rí unemployment gbà títí owó yẹn fi máa tán.

Títílayọ̀_TX

Méjèèjì nílò àtúnṣe, torí owó ló máa bá a lọ bí wọ́n bá ṣì í.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí wọ́n ṣì ń sanwó fún kò tíì di aláìníṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìkẹyìn ni kí wọ́n kọ ọ́ sí Texas Workforce Commission (TWC), tó ń san unemployment ní Texas, kí wọ́n má sì jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tí o bá kọ ọ́ ni owó rẹ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí o bá fi sùn lórí ẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Èkejì, severance méjì ló wà lójú òfin Texas. Èyí tí ilé-iṣẹ́ kàn fún ọ ní ìwọ̀n ọdún tí o fi ṣiṣẹ́, láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, máa ń dá unemployment dúró fún iye ọ̀sẹ̀ tí ó bò. Bákan náà ni owó tí wọ́n san dípò kí wọ́n fún ọ ní àkókò ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fún ọ nítorí pé o fọwọ́ sí ìwé pé o ò ní pè wọ́n lẹ́jọ́, òfin kò kà á sí severance, kò sì dá nǹkan dúró. Irú èyí tí àwọn ènìyàn Àǹtí Àdùkẹ́ máa fọwọ́ sí jọ pé òun ni. Kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé náà pa mọ́, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí TWC bí wọ́n bá béèrè. Bí lẹ́tà bá wá pé owó ti dúró, ọjọ́ 14 láti déètì tí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ni wọ́n ní láti pe ẹjọ́. Déètì orí lẹ́tà ni o, kì í ṣe ọjọ́ tó wọ ilé.

Iye tó pọ̀ jù tí ènìyàn lè gbà jẹ́ owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ́nà 26, tàbí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó gbà ní ọdún tí wọ́n fi ṣírò. Èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni wọ́n máa fún un. Owó orí ìjọba àpapọ̀ wà lórí ẹ̀. Wọ́n lè ní kí TWC máa yọ ìdá mẹ́wàá sílẹ̀ kó má bàa di gbèsè.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ Bàbá Jobcenter: ẹni tó bá wà nílé-ìwé, wọ́n lè sọ pé kò ráyè iṣẹ́, kí owó sì dúró. Òfin kò gbà kí ìpínlẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí TWC bá ti fọwọ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹ gba ìfọwọ́sí yẹn kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Títí wọ́n á fi fọwọ́ sí i, ẹ máa wáṣẹ́, kí ẹ máa kọ ibi tí ẹ wá a dé sílẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Ìjọ̀ba_Ọ̀sẹ̀

Lórí ìwé severance: kò sí ohun tó ń kán wọn lójú. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ogójì ọdún, tí ìwé náà sì ní kó jáwọ́ nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin tó dẹ́kun ìyanjẹ nítorí ọjọ́ orí, níbi tí wọ́n ti ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró pọ̀, ọjọ́ 45 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láti rò ó, ó sì tún ní ọjọ́ 7 lẹ́yìn tó bá fọwọ́ sí i láti yí ọkàn padà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé kan kún un tó to iṣẹ́ àti ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n mú àti àwọn tí wọn ò mú. Bí ìwé yẹn kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n béèrè. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wọn pé "ẹ fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ajé" kò lè borí òfin.

Àdùkẹ́_Houston

Ẹ̀mí yín á gùn o. Ó ku àwọn méjì tó wà lórí H-1B. Bàbá kan sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá gba unemployment, green card òun lè bàjẹ́.

Akọ̀wé_Àgbà

Kí bàbá fọkàn balẹ̀. Òṣìṣẹ́ ló ní ẹ̀tọ́ sí unemployment nítorí iṣẹ́ tó ti ṣe, ìjọba kò kà á mọ́ ohun tó ń sọ ènìyàn di ẹrù fún wọn.

Ti H-1B le díẹ̀. Ọ̀gá tó kọ̀wé fún ọ nìkan ni o lè bá ṣiṣẹ́, ìpínlẹ̀ sì lè sọ pé o ò wà ní àrọ́wọ́tó fún iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n gbájú mọ́ ni àkókò tó lè tó ọjọ́ 60 tí òfin fún wọn láti rí ọ̀gá mìíràn tó máa kọ̀wé fún wọn, láti yí ipò wọn padà, tàbí láti kúrò. Láti ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn ni wọ́n sábà máa ń ka ọjọ́ 60 yẹn. Ọgọ́ta ọjọ́ inú lẹ́tà WARN yàtọ̀ sí i. Bí wọ́n bá ń bá iṣẹ́ lọ títí lẹ́tà á fi pé, méjì ni ọgọ́ta ọjọ́ wọn.

Bàbá_Jobcenter

Ẹ̀yin ọkùnrin, WIOA máa béèrè Selective Service, ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọkùnrin tí ìjọba lè pè sí iṣẹ́ ológun, lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn 1959. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 26 kó tó wọ Amẹ́ríkà kò ní láti forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ní kó fi ẹ̀rí hàn. Òǹtẹ̀ ìwọlé inú páàsìpọ́ọ̀tù àtijọ́ tàbí I-94, àkọsílẹ̀ ìwọlé tí ìjọba ń fún àlejò, ló ń gba ènìyàn sílẹ̀. Ẹ wá páàsìpọ́ọ̀tù àtijọ́ yẹn jáde kí ẹ tó lọ. Ẹni tó dé kó tó pé 26 tí kò forúkọ sílẹ̀ máa ní láti kọ ìwé ṣàlàyé pé òun ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ìyá_Ìbejì_MD

Ẹ ò tíì sọ ti ìlera. HCTC tí ń san ìdá 72.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó adójútòfò fún àwọn ará TAA ti parí ní òpin 2021, kí wọ́n má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e. COBRA, tó ń jẹ́ kí ẹni tó kúrò níṣẹ́ máa bá adójútòfò ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ, wà fún oṣù 18, àmọ́ ó lè tó ìdá 102 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó adójútòfò náà, kì í ṣe owó kékeré. Ọjọ́ 60 ni wọ́n ní láti yàn án, bí wọ́n bá sì sanwó, ó máa bò wọ́n padà dé ọjọ́ tí ti iṣẹ́ parí. HealthCare.gov, ọjà adójútòfò ti ìjọba àpapọ̀, náà fún wọn ní ọjọ́ 60. Ẹni tí kò bá ń ṣàìsàn lè kọ́kọ́ wo iye tí HealthCare.gov máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú owó tó ń wọlé fún un báyìí, kó fi ìwé COBRA pa mọ́ di ìgbà tí ọjọ́ 60 yẹn bá kù díẹ̀.

Àdùkẹ́_Houston

Fọ́ọ̀mù ETA-9042 ọjọ́ Ẹtì ńkọ́?

Bàbá_Jobcenter

Kí wọ́n kọ ohun inú rẹ̀ kún, kí wọ́n fi déètì sí i, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìwé tí Ìyá Ìbejì kà. Ní ọjọ́ Ẹtì náà, kí àwọn mẹ́ta yẹn pe Workforce Solutions, kí wọ́n béèrè ẹni tó ń mójú tó Rapid Response. Kí wọ́n sọ orúkọ ilé-iṣẹ́, iye òṣìṣẹ́ tó kàn àti ọjọ́ ìkẹyìn. Àwọn yẹn lè wá sí ọ́fíìsì náà fúnra wọn nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣì wà pa pọ̀, láti ṣàlàyé unemployment àti ìforúkọsílẹ̀ WIOA lójúkojú. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní àwọn ò gbà wọ́n láàyè, wọ́n lè ṣe é ní ibòmíì tàbí lórí Zoom. Kí wọ́n ní káwọn fẹ́ ẹ kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, torí lẹ́yìn ìyẹn àwọn ènìyàn á ti máa tú ká.